Yétúndé Lọ sí Sinimá ní Sharjah

Ilẹ̀ kò tíì mọ́ tí màmá mi fi sìn mí dé ẹnu ọ̀nà. "Ìyá mi, kẹ́ ẹ lọ re, kẹ́ ẹ bọ̀ re." Ọdún tí ìyá wọn kú ni wọ́n bí mi, ìdí nìyẹn tí Yétúndé fi borí Fọlákẹ́ tí bàbá mi sọ mí. Ìdí náà nìyẹn tí wọn ò fi gbà kí n fẹ́ Káyọ̀dé: bàbá bàbá rẹ̀ ló já ìyá àgbà sílẹ̀ nígbà tí ìdána ti parí. "Ìyà tẹ́ ẹ jẹ nílé yẹn ò tó yín ni?" ni wọ́n máa ń bi mí, àfi bíi pé èmi ni mo jẹ ẹ́. Káyọ̀dé sì ti ní tí mo bá dé láti Dubai, kí n fún òun lésì kan ṣoṣo.

Ọkàn mi ò balẹ̀ rárá. Ní Deira, àdúgbò ọjà kan ní Dubai, tí mo ti lọ ra léèsì, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo sanwó tán tí mo gbàgbé ẹrù sórí káńtà. Sunita, ará Íńdíà tó ń ta léèsì fún mi, wò mí títí. "Madam, khalas. Tẹ̀lé mi ká lọ wo fíìmù." Khalas, ìyẹn ni pé ó tó.

Táàsì gbé wa lọ sí Sharjah, ìlú tó múlé ti Dubai, owó dírámù wọn márùn-ún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ọ̀nà wọn tẹ́jú débi pé tíì ọwọ́ mi ò dànù. A ra sàmósà, ata rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó tiwa, a sì san dírámù mẹ́wàá wọlé.

Nínú fíìmù Íńdíà náà, ọkùnrin kan já olólùfẹ́ rẹ̀ sílẹ̀, obìnrin náà sì kó sódò. Àwọn méjèèjì tún ayé wá, wọ́n tún pàdé, ṣùgbọ́n ìbínú àtijọ́ ò jẹ́ kí wọ́n fẹ́ra. Sunita ń túmọ̀ fún mi, ó ń nu ojú. "Karma nìyẹn. Ohun téèyàn ṣe láyé kan ló ń bá a láyé kejì."

Àwa, tá a bá tún ayé wá, ilé wa náà là ń yà sí. Tiwọn, ilé ẹni ẹlẹ́ni ni. Mi ò lè jókòó jẹ́ẹ́ mọ́. "Ta ló lè fòpin sí i?"

"Ẹni tí wọ́n ṣẹ̀. Tó bá ti dárí jì wọ́n, ó parí." Ó rẹ́rìn-ín. "Àmọ́ wọn ò ní rí fíìmù ṣe mọ́."

Títí mo fi délé, ọ̀rọ̀ yẹn ni mò ń rò. Màmá mi ṣílẹ̀kùn. "Ìyá mi, ẹ káàbọ̀."

Mi ò tíì gbé àpò sílẹ̀. "Màmá, ṣé èmi ni ìyá yín lóòótọ́?"

"Ẹ̀yin ni."

"Ṣé èmi ni wọ́n já sílẹ̀?"

"Ẹ̀yin náà ni."

"Tó bá jẹ́ èmi ni, mo ti dárí jì wọ́n."

Wọ́n jókòó sórí àtẹ̀gùn. Wọ́n gba àpò lọ́wọ́ mi. "Bí ìyá mi bá ti dárí jì wọ́n, kí ni tèmi?" Wọ́n dìde. "Fọlákẹ́, wọlé wá jẹun."

Mi ò gbọ́ orúkọ yẹn lẹ́nu wọn rí.