Ìró Àǹtí Mi

Títí di òní, tí òjò bá ṣú ní Douala, ọwọ́ àǹtí mi ni mo máa ń rántí. Aṣọ ló ń tà ní ọjà Mboppi, kò sì lè rí ẹni tí òtútù ń mú kó má bò ó. Bí o bá sùn lọ ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, abẹ́ ìró ni wàá ti jí.

Lọ́jọ́ tí àwa ọmọdé bá a wọ ọkọ̀ ojú omi lọ ra ọjà, òjò dé. Òun ló ní kí wọ́n gbé jẹnẹrétọ̀ tó ń ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ wọ abẹ́ tapólì kí òjò má bà á jẹ́, òun náà ló fa tapólì wálẹ̀ yí gbogbo wa ká. Kò pẹ́, orí ń fọ́ wa, èébì ń gbé wa. Ó ní ìgbì ló ń da inú wa rú, ó tún fi ìró bò wá.

Ọlọ́kọ̀ ló rí i pé a ti dákẹ́ jù. Ó fa tapólì ya, ó ń wọ́ wa jáde sínú òjò, ó ń pariwo pé èéfín jẹnẹrétọ̀ ló fẹ́ pa wá: "Na smoke wan kill wuna!"

Lọ́jọ́ Àìkú, ìjọ ń kí i: "Ẹ kú ewu, mà."

Ó doríkodò. "Àwọn ọmọ ni kí ẹ kí. Èmi gan-an ni ewu náà."

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ibà ń ṣe mí, òtútù sì ń mú mi. Àǹtí mi mú ìró wá, ṣùgbọ́n kò bò mí. Ó gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ mi, kò wò mí lójú.

"Fọwọ́ ara rẹ bora," ló wí, "kí o sì yọ imú síta."