Ẹ̀rọ Mi Àti Òrùka Tí Wọ́n Ní Ìyá Mi Tà

Obìnrin ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta ni mí, mo sì máa ń gbé ẹ̀rọ tó ń wá irin lábẹ́ ilẹ̀ kiri. Bí ẹ bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ rín in tán kí n tó máa bá ọ̀rọ̀ mi lọ. Ọmọ mi tó wà lókè òkun ló fi í ránṣẹ́ sí mi lọ́dún tí mo fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba ní Àkúrẹ́. Ọ̀pá gígùn kan ni, ó ní ohun pẹrẹsẹ bí àwo ní ìdí, bí mo bá ń gbé e kọjá lórí ilẹ̀ tí irin wà nísàlẹ̀, á ké. Irin lásán máa ń kùn hùn-ùn. Fàdákà àti wúrà máa ń dún gaara.

Àwọn ará àdúgbò mi ní Arákálẹ̀ ní oògùn tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ ni mò ń hú. Ní Ìlú-Àbò, ẹnìkan tó ni oko lé mi jáde, ó ní ìṣúra ni mo wá jí. Ìdérí ìgò mẹ́rin àti tọ́rọ́ àtijọ́ kan ló wà nínú àpò mi, mo dà wọ́n sílẹ̀ níwájú rẹ̀. Kò bẹ̀ mí, èmi náà ò sì bẹ̀ ẹ́. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, oko tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀ ni mo lọ, ẹni tó ni ín fún mi láyè, ó tún fún mi lọ́sàn jẹ.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe nítorí tọ́rọ́ ni mo ṣe kọ́ ẹ̀rọ yìí. Òrùka ìgbéyàwó ìyá mi ni mò ń wá. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà tó sọnù nílé wa ní ìlú Oǹdó, lọ́jọ́ Sátidé kan. Ìyá mi bọ́ ọ lọ́wọ́ láàárọ̀ kó tó bẹ iṣu, ó so ó mọ́ etí ìró rẹ̀ bí àwọn obìnrin ṣe máa ń so owó, ó sì lọ sóko. Nígbà tó wo etí ìró náà lóko, ó ti tú, kò sì bá nǹkan kan níbẹ̀. A wá a lójú ọ̀nà, a wá a lábẹ́ kòkó, a ò rí i. Àbúrò bàbá mi obìnrin bá la ẹnu, ó ní kò sọnù rárá, ìyá mi tà á ni, ó kó owó rẹ̀ fún àwọn ará ilé rẹ̀. Bàbá mi ò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, kò sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́, bẹ́ẹ̀ ló ṣe kú. Láti ìgbà náà, bí nǹkan bá ti sọnù nínú ẹbí, àbúrò bàbá mi á wo ojú ìyá mi, á ní kí wọ́n lọ wò ó lọ́jà. Ìyá mi á dákẹ́. Ó ti lé lẹ́ni ọgọ́rin ọdún báyìí, mi ò sì fẹ́ kó gbé orúkọ olè wọ sàréè.

Ọdún méjì gbáko ni mo fi ń lọ sí oko náà. Mo hú àdá tó ti dípẹtà, mo hú ìdè àgbá, mo hú èèpo ọta ìbọn ọdẹ. Àbúrò bàbá mi gbọ́, ó ní kí wọ́n bi mí bóyá mo ti rí orí mi tó sọnù. Ó dùn mí wọ akínyẹmí ara, kí n má purọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Mo tún padà lọ.

Nígbà iṣu tuntun tó kọjá, mo jókòó ti ìyá mi lẹ́yìnkùlé ilé wa ní Oǹdó, ó ń bẹ iṣu. Ó bẹ ẹ́ tán, ó dìde, ó gbọn ìró rẹ̀ kí èèpo lè já bọ́. Ó gbá èèpo náà jọ, ó lọ dà á sí ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀, níbi tó ti ń dà á láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú. Mo fò dìde. Òrùka yẹn ò dé oko rárá! Ìgbà tó gbọn ìró láàárọ̀ ọjọ́ náà ló já bọ́, ó sì bá èèpo iṣu lọ.

Ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ yẹn kún fún agolo mílíìkì àti ìṣó, ẹ̀rọ mi ń kùn ṣáá. Lọ́jọ́ kẹta, nígbà tí ìyá mi wà níbi ìpàdé àwọn ìyá ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó dún gaara. Mo gbẹ́ ẹ títí ọwọ́ mi fi wọlẹ̀ dé ìgúnpá. Òrùka náà jáde pẹ̀lú ẹrẹ̀, lẹ́tà tó bẹ̀rẹ̀ orúkọ bàbá mi àti ti ìyá mi wà nínú rẹ̀. Mo sunkún níbẹ̀, ojú ò tì mí.

Ilé àbúrò bàbá mi ni mo gbà lọ tààrà, pẹ̀lú ẹrẹ̀ lọ́wọ́. Ó ní àlejò mẹ́ta. Mo gbé òrùka náà ka orí tábìlì, mo ní, “Màmá, ẹ wò ó dáadáa. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a.”

Ó wo inú òrùka náà títí. Ó ní, “Mo ti dàgbà, mi ò rántí ohun tí mo sọ mọ́.”

Mo ní èmi rántí. Mo sọ gbogbo rẹ̀ lójú àwọn àlejò, mi ò fi gbólóhùn kan sílẹ̀, mo sì gbádùn rẹ̀.

Kí n tó délé, ẹnìkan ti fóònù ìyá mi. Mo bá a lórí bẹ́ẹ̀dì, kò tíì bọ́ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì. Mo fi òrùka náà sí i lọ́wọ́. Kò gbìyànjú láti wọ̀ ọ́.

Ó ní, “Ta lo kọ́kọ́ lọ fi hàn?”

Mo nu ẹrẹ̀ ọwọ́ mi sí ara ìró mi.

Ó ní, “Èmi mọ̀ pé mi ò tà á. Àbúrò bàbá rẹ náà mọ̀. Ìwọ lo ní láti gbẹ́ ilẹ̀ kí o tó mọ̀.”

Mo kúnlẹ̀. Òótọ́ ló sọ. Láti ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, èmi náà ti ń rò ó pé bóyá ó tà á.