Títí Omi Yẹn Á Fi Délé

Nínú ilé wa ní Ìbàfò, èmi nìkan ni mi ò fẹ́ kí fíìmù yẹn parí. Ó ti sú àwọn tó kù. Ọkọ mi ní àwọn tó ń ṣe é kàn ń fi wá ṣeré ni. Ọmọ mi obìnrin, tó ń gbé ní Magboro báyìí, ní ó yẹ kó ti parí láti apá kẹfà, pé owó nìkan ni wọ́n ń wá. Mi ò kì í bá wọn jiyàn. Màá tẹ ẹsẹ̀ mọ́ ẹ̀rọ ìránṣọ mi kí ariwo rẹ̀ lè bo ọ̀rọ̀ wọn mọ́lẹ̀, màá sì máa bẹ Ọlọ́run nínú mi pé kí apá mìíràn tún jáde.

Ọkọ̀ òfuurufú kan tó ń rìn láàárín àwọn ìràwọ̀ ni fíìmù náà dá lé. Omi ló kún inú rẹ̀, bíi ti àwọn táńkà tó ń já omi ládùúgbò wa nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, àmọ́ ó tóbi ju odindi Ìbàfò lọ. Ayé àwọn tó ń wa ọkọ̀ náà ti gbẹ, ni wọ́n bá lọ pọnmi wá láti inú ìràwọ̀ mìíràn, wọ́n sì ṣìnà nígbà tí wọ́n ń bọ̀. Láti apá kìíní títí dé apá kọkànlá, ọ̀nà ilé ni wọ́n ń wá.

Ọmọ mi ọkùnrin ló mú mi mọ fíìmù náà. Òkè-Àró la ń gbé nígbà yẹn, kò sì tíì pé ọmọ ọdún mẹ́wàá. Ẹ̀jẹ̀ SS ló wà lára rẹ̀, èyí tí àwọn àgbà ń pè ní fòníkú-fọ̀ladìde. Mo ti sin ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kan tẹ́lẹ̀ lórí àìsàn yìí kan náà, nítorí náà ojú mi kì í kúrò lára rẹ̀. Lọ́jọ́ kan, ìrora gbá a mú lẹ́sẹ̀ àti lẹ́yìn, wọ́n sì dá wa dúró sílé ìwòsàn. Tẹlifíṣọ̀n kan wà lára ògiri wọ́ọ̀dù náà, ibẹ̀ la ti kọ́kọ́ rí ọkọ̀ olómi yẹn. Nígbà tí ara tù ú díẹ̀, mo ń sunkún, mo sì rò pé kò rí mi. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ má sunkún. Mi ò ní lọ síbì kankan títí omi yẹn á fi délé."

Ẹlòmíràn á rẹ́rìn-ín. Ní tèmi, ṣe ni ara mi tutù. Ìyá ìyá mi ní Ifọ̀ máa ń sọ̀rọ̀ àwọn ọmọ tó ti dá ọjọ́ tí wọ́n máa padà kí wọ́n tó wá sáyé. Ọ̀kan á ní ọjọ́ tí ìyá òun bá bí àbúrò òun ni òun máa lọ, òmíràn á ní ọjọ́ tí òun bá kọ́ bí wọ́n ṣe ń rìn ni. Ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, a kì í dárúkọ irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Pásítọ̀ ní irọ́ èṣù ni, mo sì ṣe àmín pẹ̀lú àwọn yòókù. Síbẹ̀, mo ti gbọ́ ọ létí mi pé ọmọ mi dá ọjọ́.

Bí mo ṣe di ẹni tó ń wo fíìmù òfuurufú nìyẹn. Òyìnbó wọn yára jù fún mi, àmọ́ mo mọ bí ojú ẹni tó ṣìnà ṣe máa ń rí. Gbogbo ọjọ́ ìsinmi lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, èmi àti ọmọ mi la jọ máa ń jókòó sídìí rẹ̀. Tí apá kan bá ti parí, tí wọn ò sì tíì sọ bóyá òmíràn ń bọ̀, mi ò ní lè jẹun dáadáa. Lọ́dún kan, mo ní kí àwọn tá a jọ ń ṣe ìpàdé àdúrà bá mi gbàdúrà kí iṣẹ́ àwọn kan má dúró, kó má sì rẹ àwọn tó ń ṣe é. Aṣáájú wa béèrè irú iṣẹ́ tó jẹ́. Mo ní iṣẹ́ àwọn èèyàn mi kan nílẹ̀ òkèèrè ni. Wọ́n fi agbára gbàdúrà náà, arábìnrin kan tiẹ̀ rí i nínú ìran pé iṣẹ́ náà máa gbilẹ̀ dé ibi gbogbo láyé. Nígbà tí apá kẹjọ jáde, mo dìde jẹ́rìí, wọ́n sì pàtẹ́wọ́ fún mi.

Àmọ́ kí n má purọ́, fíìmù náà ti bàjẹ́. Ọ̀gá ọkọ̀ náà ti kú lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n sì jí i dìde. Tí wọ́n bá ti rí ilé lókèèrè báyìí, ẹ̀rọ kan á kọṣẹ́. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, mo sì ń dúpẹ́ fún ẹ̀rọ tó ń kọṣẹ́.

Lọ́dún tó kọjá, ọmọ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti ilé ìwòsàn ní Mowe. Ó ti dàgbà, ó ń fi kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́ nínú ilé. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá kí i láti Magboro, ni wọ́n bá tún bẹ̀rẹ̀ àríyànjiyàn náà. Lẹ́ẹ̀kan yìí, àbúrò gbà fún ẹ̀gbọ́n. Ó ní, "Ó yẹ kó ti parí. Ẹ wo ọ̀gá ọkọ̀ yẹn, ó ti rẹ̀ ẹ́. Kò sí nǹkan tuntun tó ń ṣẹlẹ̀ sí i mọ́ ju ìyà lọ. Tí wọ́n bá fẹ́ràn ẹ̀ lóòótọ́, wọ́n á jẹ́ kó sinmi."

Àmì abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi fún un lómi ṣì wà lẹ́yìn ọwọ́ rẹ̀. Mo sọ àlùmọ́gàjí tí mo fi ń gé aṣọ sílẹ̀, mo ní mi ò gbọ́dọ̀ gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ mọ́ nínú ilé yìí. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ rò pé mò ń ṣàwàdà. Ṣùgbọ́n ọmọ mi ọkùnrin wò mí títí, ó wá rọra sọ pé fíìmù lòun ń sọ. Mo ní mo mọ̀. Inú bí mi sí i gan-an, nítorí ó lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ bẹ́ẹ̀.

Kò pẹ́ sígbà náà ni àwọn tó ń ṣe fíìmù náà kéde pé apá kọkànlá ló máa kẹ́yìn. Ọ̀sán yẹn ni mo gé aṣọ oníbàárà kan kúrú. Ọkọ mi béèrè bóyá èmi ni mo ni fíìmù náà. Mi ò lè ṣàlàyé fún un. Mo ní kí ọmọ mi obìnrin bá mi kọ̀wé sí wọn lórí fóònù, kó ní ìyá kan ní Nàìjíríà ń bẹ̀ wọ́n. Ó rẹ́rìn-ín, àmọ́ ó kọ ọ́. Kò sẹ́ni tó dáhùn. Gbogbo ayé ló ń dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn pé wọ́n mọ ìgbà tó yẹ kí wọ́n dákẹ́.

Ọjọ́ tó kẹ́yìn bọ́ sí ọjọ́ ìsinmi. Bá a ṣe jókòó tán, iná lọ, ayọ̀ mi kò ṣeé fẹnu sọ. Ni ọkọ mi, tí kì í fẹ́ ra epo sí jẹnẹrétọ̀, bá dìde lọ ra epo fúnra rẹ̀. Mi ò rí ohun tí mo lè ṣe. A jókòó, a ń wò ó. Nígbà tí ọkọ̀ náà yọ sójú sánmà ilé wọn, tí àwọn ọmọdé ń sáré gbé korobá jáde, mo yíjú sí ọmọ mi. Ó ti di ojú, orí rẹ̀ ti wọ́ sí apá àga.

Mo pè é, kò dáhùn. Mo gbá a mú léjìká, mo sì ń mì í. Ó la ojú, ó ní oorun ló gbé òun lọ. Ó ní, "Ẹ má bínú, Mọ́mì. Mo ti wò ó tán láàárọ̀ lórí fóònù, kẹ́ ẹ tó pè wá ká lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Mo kàn ní kí n bá yín jókòó ni, torí mo mọ̀ pé ẹ fẹ́ràn ẹ̀."

Mo jókòó padà. Ọjọ́ tí mo ti ń ṣọ́ láti gbogbo ọdún yìí wá ti kọjá láàárọ̀, nígbà tí mò ń lọ ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ nínú yàrá kejì, tí mò ń kọrin. Mi ò mọ nǹkan kan. Ó béèrè bóyá oúnjẹ wà, mo ní ó wà. Ó dìde lọ sí kíṣìnì, mo sì ń gbọ́ tó ń ṣí ìkòkò. Mi ò mọ ọjọ́ wo ni màá tún máa bẹ̀rù báyìí.