Orúkọ Tó Yẹ Kó Wà Lára Ilẹ̀kùn

Ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹta, orúkọ mọ́kànlélógójì ló wà lára ilẹ̀kùn Adájọ́.

Adájọ́ kì í ṣe adájọ́. Kọ̀ǹpútà ló ń tún ṣe. Àwọn oníbàárà ló sọ ọ́ lórúkọ yẹn, ó sì ń jẹ́ ẹ bí ẹni pé ìjọba ló fi í jẹ oyè. Bí ó bá yọ ẹ̀yà tí èèyàn bà jẹ́ lára bọ́ọ̀dù inú kọ̀ǹpútà, kì í sọ ọ́ nù. Yóò lẹ̀ ẹ́ mọ́ ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù níbi tí gbogbo ẹni tó ń kọjá ti máa rí i, yóò sì kọ orúkọ ẹni tó fà á sábẹ́ rẹ̀. "Oníbúrẹ́dì: ó da tíì sí i." "Tísà: ó fi tipátipá tì í wọ ibi tí kò gbà á." Téèpù búlúù ló fi ń lẹ̀ wọ́n. Ó máa ń gé etí téèpù náà ṣóńṣó bí ẹnu ẹyẹ, ó sì máa ń wí pé, "Ẹni tó bá rí i ti rí mi."

Èmi tí mo kàwé gboyè, tí mo wá háyà tábìlì kan lọ́dọ̀ rẹ̀ láti máa bá èèyàn tẹ ìwé, mo wà lára ilẹ̀kùn náà. Lójú tèmi, ẹjọ́ náà kò tíì parí.

Mo ti jókòó tì í pẹ́ tó láti mọ bó ṣe ń mú ọ̀daràn. Yóò kọ́kọ́ gbóòórùn bọ́ọ̀dù bí ẹni tó ń yẹ ọbẹ̀ àná wò. Yóò gbé awò lé e, yóò wá èyí tó wú, èyí tó sán, èyí tí etí rẹ̀ dúdú. Bí ojú kò bá rí nǹkan kan, yóò fi sípíríìtì pa ojú bọ́ọ̀dù náà, yóò sì fún un níná díẹ̀. Ẹ̀yà tó ti bàjẹ́ ló máa ń gbóná jù, nítorí náà orí rẹ̀ ni sípíríìtì ti ń kọ́kọ́ gbẹ. "Ara ẹlẹ́bi kì í tutù," Adájọ́ á wí.

Lẹ́yìn náà ni ìdájọ́. Bí èyí tó jóná bá wà ní inú lọ́hùn-ún, ọjọ́ ogbó ló pa á, kò sí ẹjọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀yà kan wà lẹ́nu ọ̀nà tí iná ń gbà wọlé, èyí tó ń pè ní ẹ̀ṣọ́. Òun ló ń kú kí inú lọ́hùn-ún má baà kú, bí a bá sì ti yọ òkú rẹ̀ kúrò lọ́nà, iná á tún ráyè kọjá. Bí ẹ̀ṣọ́ bá kú, a jẹ́ pé èèyàn ló fi iná tó pọ̀ jù sí i. Orúkọ onítọ̀hún yóò gun ilẹ̀kùn.

Lọ́jọ́ náà, ìyàwó rẹ̀ wọlé. Fọ́tò ni obìnrin náà ń yà. Ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ wà lẹ́yìn ti ọkọ, kò sì sí oníbàárà tó lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ láì kọjá lára ilẹ̀kùn yẹn. Ó gbé háàdì tó ń kó àwòrán àwọn oníbàárà rẹ̀ pamọ́ sí kalẹ̀, irú èyí tuntun tí kò sí nǹkan tó ń yí nínú rẹ̀.

"Bàbá wọn, ẹ bá mi wò ó. Kò tàn mọ́."

"Kí lo ṣe fún un?"

"Mi ò ṣe nǹkan kan."

Adájọ́ rẹ́rìn-ín. "Gbogbo wọn ló máa ń sọ bẹ́ẹ̀."

Màmá oníbúrẹ́dì jókòó síbẹ̀, ó ń retí kọ̀ǹpútà tirẹ̀. "Ìyàwó, yáa jẹ́wọ́ o," ó ní. "Àní èmi jẹ́wọ́, wọ́n ṣì lẹ̀ mí mọ́bẹ̀."

"Kí ni kí n jẹ́wọ́, Màmá? Ẹni tó bá rí orúkọ mi lára ilẹ̀kùn yìí, ṣé á tún gbé àwòrán ìgbéyàwó rẹ̀ fún mi tọ́jú?"

"Òfin ò mọ ìyàwó," ọkọ rẹ̀ dáhùn.

Ó tú háàdì náà. Ó gbóòórùn rẹ̀, kò rí nǹkan kan. Ó fi sípíríìtì pa á, ó fún un níná. Orí ẹ̀ṣọ́ ló ti kọ́kọ́ gbẹ. Ó fi àyọ́ọ̀nù yọ ọ́, ó gbé e sókè bí ẹni tó pa ẹkùn. Nígbà tó so háàdì náà mọ́ kọ̀ǹpútà, gbogbo àwòrán jáde láìkù ọ̀kan. Ṣùgbọ́n inú obìnrin náà kò dùn, nítorí Adájọ́ ti mú bírò, ó ti kọ "Ìyàwó" sórí bébà.

"Ṣájà wo lo fi sí i?"

"Èyí tó wà nílé."

"Lọ gbé e wá. Ẹjọ́ ò gbọ́dọ̀ kù síbì kan."

Ó lọ gbé e wá. Fóltì márùn-ún ni háàdì yẹn ń fẹ́. Méjìlá ni wọ́n kọ sára ṣájà. Wọ́n ti gé ẹnu rẹ̀ àtijọ́, wọ́n ti so ẹnu mìíràn mọ́ ọn, wọ́n sì ti fi téèpù búlúù wé ojú ibẹ̀.

Màmá oníbúrẹ́dì dìde, ó tẹ̀ba, ó wò ó dáadáa. "Ẹnu ẹyẹ nìyí," ó ní, ó sì padà lọ jókòó.

"Olówó orí mi," ìyàwó bẹ̀rẹ̀, "ta ló ní òun á bá mi wá ẹnu mìíràn so mọ́ ọn? Ta ló ní, 'Máa lò ó, ìyá wọn, iná niná ń jẹ́'?"

Adájọ́ wú ikọ́. "Ṣé ìwọ náà ò lè ka nọ́ńbà ni?"

"Ṣé kí n máa yẹ iṣẹ́ Adájọ́ wò ni? Ẹ kọ ọ́. Ẹ kọ 'Ọkọ'. Àbí ọkọ lòfin mọ̀?"

Adájọ́ ní bírò òun kò yọ mọ́, bírò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fi kọ "Ìyàwó". Mo na tèmi sí i. Ó ní tèmi ti pupa jù.

Nígbà tí mo dé láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ẹ̀ṣọ́ náà ti wà lára ilẹ̀kùn. Ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ ni: "Ààrá: ó sán."

Ẹ̀kán òjò kò tíì kán látìgbà tí ọdún ti bẹ̀rẹ̀.

Ìyàwó rẹ̀ ti dárí jì í. Bó ṣe ń kọjá lọ síbi iṣẹ́, á ní, "Ààrá, ẹ káàárọ̀ o," ọkùnrin náà á sì dáhùn kó tó rántí pé kò yẹ kí òun dáhùn. Àwọn oníbàárà obìnrin náà á rẹ́rìn-ín, wọ́n á sì gbé àwòrán wọn wá fún un. Èmi kò dárí jì í. Ẹ̀yà méjìlélógójì ló wà lára ilẹ̀kùn yẹn báyìí, ẹlẹ́ṣẹ̀ tó ní ẹsẹ̀ méjì ṣì jẹ́ mọ́kànlélógójì.

Nítorí náà, ìwọ tó ń kà á, bí háàdì rẹ bá kú tí o bá gbé e dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, má tíì gbé e kalẹ̀. Na ìka sí èyí tó kẹ́yìn lára ilẹ̀kùn, bi í pé ilé ta ni Ààrá ń gbé, kí o sì dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ títí yóò fi dá ọ lóhùn.