Màmá Radka Wọ Yàrá Ìdánwò

Màmá Radka ti lé lọ́gọ́ta ọdún nígbà tó jókòó ṣèdánwò àtiwọ ilé-ìwé girama láàárín àwọn ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ó tẹ́ tìmùtìmù sórí àga, ó gbẹ́ pẹ́ńsù mẹ́ta, ó sì kìlọ̀ fún Narumi, igbákejì ọ̀gá ilé-ìwé tó ń ṣọ́ wọn, pé kó yé wo òun bí ẹni tó bá ológbò nídìí ìkòkò ẹja.

Narumi náà ló kúkú fà á. Ọdún mẹ́sàn-án ni obìnrin ará Bọ̀gáríà yìí fi ń wá kọ́ ẹgbẹ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé náà ní enka, orin ẹ̀dùn-ọkàn ilẹ̀ Jàpáànì tí àwọn bàbá wọn ń kọ nídìí ọtí ìrẹsì. Narumi wá ní òfin lòfin: ẹgbẹ́ tí ọmọ rẹ̀ kò bá pé márùn-ún ní ìparí oṣù kẹrin yóò kó jáde nínú yàrá rẹ̀. Mẹ́rin péré ni àwọn ọmọ enka. Màmá bi í pé ọjọ́ orí wo ni òfin náà fún akẹ́kọ̀ọ́. Narumi tú ìwé òfin láti iwájú dé ẹ̀yìn, kò rí nǹkan kan. Ni Màmá bá forúkọ sílẹ̀ fún ìdánwò, kó lè di ẹnì karùn-ún.

Inú ìyá yìí kì í pẹ́ bí! Ogójì ọdún ló ti lò ní ìlú etíkun yẹn, síbẹ̀ àwọn ará ibẹ̀ ṣì ń yìn ín pé ó gbọ́ èdè Jàpáànì dáadáa.

“Tiyín náà ò burú,” ló máa ń dá wọn lóhùn.

Àwọn àgbà ìlú ní àjèjì ò lè kọ orin àwọn. Orin àwọn kẹ̀? Èyí tí wọ́n ti pa tì, tí ọ̀pọ̀ wọn ò rántí ìlà kejì rẹ̀! Wọ́n ní àlejò lójú, kò fi ríran. Èyí rí ohun tí onílé gbé sọnù, ó ṣà á, ó sì nù ún mọ́.

Nígbà kan, àwọn ọmọ bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí orin náà yára díẹ̀. Ó kó gbogbo wọn lọ sí èbúté nínú yìnyín oṣù kejì, ó ní kí wọ́n dúró bí ìyàwó apẹja tó ń retí ọkọ. Nígbà tí eyín wọn ń gbọ̀n, ó bi wọ́n bóyá wọ́n ṣì fẹ́ kó yára. Ọ̀kan ní bẹ́ẹ̀ ni, kí àwọn lè tètè wọlé. Màmá bínú títí ẹ̀rín fi pa á.

Nígbà tí èsì ìdánwò dé, Màmá fakọ yọ nínú èdè, ó gba òdo nínú ìṣirò. Wọn ò mú un. Ló bá já wọ ọ́fíìsì Narumi.

“Ta ló ń fi ìṣirò sunkún?”

Ṣùgbọ́n pẹ́ńsù Chizuru, ọmọbìnrin tó jókòó tì í, ti kán lọ́jọ́ ìdánwò, Màmá sì fún un ní ọ̀kan nínú tirẹ̀. Chizuru wọlé. Lọ́jọ́ kìíní, yàrá enka ló kọ́kọ́ béèrè. Ni wọ́n bá pé márùn-ún.

Òtútù àyà ló mú Màmá lọ nígbà yìnyín ọdún náà. Ẹgbẹ́ tí kò ní olùkọ́ kò gbọdọ̀ wà. Narumi mọ òfin yẹn lórí. Ó gbé fọ́ọ̀mù ẹgbẹ́ náà, ó lọ bá àwọn ọmọ náà nínú yàrá wọn láti sọ fún wọn pé ó ti parí. Chizuru ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

“Sà, ta ni yóò máa bínú sí wa báyìí?”

Narumi tẹ́ fọ́ọ̀mù sórí tábìlì, ó kọ orúkọ ara rẹ̀ síbi tí wọ́n ti ń béèrè olùkọ́.

“Ẹ dúró ṣánṣán,” ó jágbe mọ́ wọn.

Kò jọ ìbínú rárá. Ẹkún ló jọ. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ náà dúró ṣánṣán.