Ọmọ Ta Ni Ọ́?

Ìbéèrè kan wà tí mo ti ń sá fún láti kékeré: "Ọmọ ta ni ọ́?" Ní abúlé wa, kí wọ́n tó béèrè orúkọ ọmọ ni wọ́n ti máa ń béèrè bàbá rẹ̀. Èmi ò mọ bàbá mi. Ìyá mi ò sọ fún mi títí wọ́n fi kú. Ni mo bá kọ́ irọ́ pípa. Bí ará Ọ̀yọ́ bá béèrè, màá ní Kánò ni bàbá mi kú sí. Bí ẹni tó mọ Kánò bá béèrè, ó di Ọ̀yọ́. Ìlú mẹ́rin ni mo ti sin bàbá tí n kò rí rí.

Ẹ̀rù yìí ló jẹ́ kí n sá fún ọkùnrin kan ṣoṣo tó fẹ́ fi mí ṣaya. Nígbà tó ní àwọn ẹbí òun ń bọ̀ wá mọ bàbá mi, mo yí nọ́ńbà fóònù mi padà. Mi ò gbọ́ ohùn rẹ̀ mọ́.

Mo wá di tíṣà. Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, mo ń kọ́ àwọn ọmọdé ní ṣọ́ọ̀ṣì pé ẹni tó bá gba Jésù, ọmọ Ọlọ́run ni. Wọ́n gbà á gbọ́ kíákíá. Èmi tí mò ń kọ́ wọn ni kò gbà á. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, tí wọ́n ti lọ tán, mo ń nu bọ́ọ̀dù, mo sọ ọ́ jáde lẹ́nu: "Ọlọ́run ni Bàbá mi." Kò sẹ́ni tó gbọ́ àfi adìẹ tó ń tanlẹ̀ lẹ́yìnkùlé. Àmọ́ ó dé inú mi.

Ìgbà tí wọ́n gbé mi lọ sí ilé-ìwé kan ní abúlé lẹ́yìn Ìyànà Ọ̀fà, yàrá kan ṣoṣo ló ṣófo níbẹ̀. Bàbá àgbàlagbà kan ló ni ín, Mùsùlùmí, tí tẹ̀sùbáà kì í kúrò lọ́wọ́ wọn.

"Ọmọ ta ni ọ́?"

Kánò ti dé ètè mi, mo gbé e mì.

"Ọmọ Ọlọ́run ni mí, bàbá."

"Ọlọ́runṣògo?" Etí wọn ò fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ mọ́. "Mo mọ ibẹ̀. Agbolé wo?"

Ẹ wo bí irọ́ ṣe fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá bá mi! Kí n ṣáà ti mi orí, yàrá ti di tèmi.

"Rárá, bàbá. Ọlọ́run ni mo wí. Mi ò mọ ẹni tó bí mi. Ọlọ́run tí mò ń sìn ló gbà mí lọ́mọ."

Ìka wọn dúró lórí tẹ̀sùbáà. "Lọ́dọ̀ tiwa, Ọlọ́run kì í bímọ."

"Mo mọ̀, bàbá."

"O mọ̀, o sì tún sọ ọ́ níwájú mi?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, bàbá."

Ẹ̀rù ò bà mí. Ó ya èmi gan-an lẹ́nu. Bàbá tọwọ́ bọ àpò, wọ́n yọ kọ́kọ́rọ́ jáde. Wọ́n ní ẹni tí ò purọ́ gba yàrá, àwọn lè bá a gbélé.

Àdáwà ò tán o. Ọbẹ̀ tí èmi nìkan máa jẹ ni mo ṣì ń sè, ó sì ń dùn mí. Bí mo bá ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, bàbá á ké láti ọ̀dẹ̀dẹ̀ pé, "Ọlọ́run kì í bímọ o!" Èmi náà á ní, "Ẹ káàárọ̀, bàbá."

Lọ́jọ́ kan, àlejò wọn kan wá láti Ṣáṣá, ó rí mi níbi tí mo ti ń sá aṣọ.

"Ọmọ ta nìyẹn?"

Mo fẹ́ dáhùn, bàbá ti gbà á lẹ́nu mi.

"Ọmọ Ọlọ́run ni," wọ́n wí, wọ́n sì ń ka tẹ̀sùbáà wọn lọ.

Mo fi aṣọ tútù bo ojú, mo sunkún.