Ọjọ́ Tí Ọ̀mọ̀wé Ògúnlẹ́yẹ Gun Ọ̀kadà

Bí ẹ bá dé Agbowó lónìí, tí ẹ bèèrè Ọ̀mọ̀wé Bándélé Ògúnlẹ́yẹ lọ́wọ́ àwọn àgbà ibẹ̀, kò sẹ́ni tí yóò kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ ìwé tó kà. Ọ̀rọ̀ ọ̀kadà ni wọn yóò sọ. Wọn yóò ní ọ̀sán Sátidé kan ni, nínú oṣù keje ọdún 1996, tí bàbá náà sáré jáde nínú ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà Zùwáírátù láì wọ bàtà, tó fò mọ́ ẹ̀yìn ọlọ́kadà kan, tí Zùwáírátù pàápàá sì fò mọ́ ẹ̀yìn tirẹ̀. Ọ̀mọ̀wé di ọlọ́kadà níkùn mú débi pé ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀bẹ̀ pé, "Bàbá, ẹ jẹ́ n mí díẹ̀."

"Máa sáré lọ ná," ni Ọ̀mọ̀wé wí. "Tá a bá dé Ọ̀jọ́ọ̀, wàá mí."

Ohun tó sọ ọ́ di ìtàn ni pé kò sí ohun tí bàbá yìí bẹ̀rù láyé tó ọ̀kadà. Ẹsẹ̀ ló fi ń rìn láti Bodija tó ń gbé wá sí Agbowó, òjò ìbáà máa rọ̀. Kì í jókòó sábẹ́ fáànù. Kì í jẹ ẹja àfi tí Màmá Àpínkẹ́, ìyàwó rẹ̀, bá ti kọ́kọ́ jẹ nínú rẹ̀, tí wọ́n sì dúró fún ìdajì wákàtí. Màmá máa ń sọ pé láti ọgbọ̀n ọdún tí àwọn ti fẹ́ra, àwọn ò tíì mọ̀ bóyá ìyàwó ni àwọn tàbí ẹni tí wọ́n fi ń dán ẹja wò.

Lẹ́yìn tí Ọ̀mọ̀wé fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ló wá kọ̀ǹpútà dé ọ̀dọ̀ Zùwáírátù, obìnrin tó ń bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tẹ iṣẹ́ wọn. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹnu ọ̀nà ni bàbá dúró sí, tí ojú rẹ̀ ń tọ ògiri lọ.

"Ta ló fa wáyà yìí?"

"Ọkọ mi ni, sà."

"Ṣé ó ṣì wà láyé?"

Ọkọ náà wà láyé dáadáa. Sùrájù lorúkọ rẹ̀, ó sì ní ilé iṣẹ́ tó ń lọ oúnjẹ adìyẹ ní Ọ̀jọ́ọ̀. Wàhálà tirẹ̀ ni àgbàdo tútù. Nígbà òjò, àgbàdo máa ń bu nínú àpò, adìyẹ tó bá sì jẹ ẹ́ á kú. Nígbà tí Ọ̀mọ̀wé gbọ́, ó ní òun mọ ohun tó lè mú un gbẹ.

Ó ya ìkòkò onírin ńlá kan sórí ìwé, tí ìdí rẹ̀ ṣe ṣóńṣó bí àrọ tí a fi ń rọ epo. Atẹ́gùn gbígbóná yóò ti ihò kékeré tó wà nídìí rẹ̀ wọlé. Yóò ti àgbàdo sókè láàárín gbùngbùn, àgbàdo á tú yàà lókè bí omi ìsun, á wálẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́, á sì tún yọ́ padà sí ìdí láti fò lẹ́ẹ̀kan sí i. Bẹ́ẹ̀ ni yóò máa yí títí tí yóò fi gbẹ. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń bẹ̀rù ẹja kò lè ní kí wọ́n jó irin kan ṣoṣo láì kọ́kọ́ ríran wò, kọ̀ǹpútà ló sì fi ń ríran. Ó kó egbèjìlá hóró àgbàdo sínú rẹ̀, ó ń ṣírò bí atẹ́gùn ṣe ń gbé ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn àti bí ọ̀kan ṣe ń ti èkejì. Àmì kéékèèké ni Zùwáírátù ń rí lójú kọ̀ǹpútà. Ohun tó máa ṣẹlẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá, ọjọ́ mẹ́fà gbáko ni kọ̀ǹpútà fi ń ṣírò rẹ̀.

"Ọ̀mọ̀wé," ni Zùwáírátù wí, "tó bá jẹ́ pé ẹ ti sá a sóòrùn, ṣé kò ní ti gbẹ?"

Wọ́n jó irin náà, ó sì ṣiṣẹ́. Ọ̀mọ̀wé fi ọ̀dà pupa fa ìlà sára rẹ̀ ní ìwọ̀n àyà ọkùnrin, ó ní àgbàdo kò gbọdọ̀ kọjá ibẹ̀. Odindi ọdún kan, kò kọjá ibẹ̀.

Àfi ìgbà tí òjò ọdún 1996 dé, tí àwọn àgbẹ̀ tò sẹ́nu ọ̀nà Sùrájù pẹ̀lú àpò àgbàdo tó ń sun omi. Ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan, Zùwáírátù ń nu tábìlì, ó kàn ń sọ̀rọ̀ lásán ni.

"Ọkọ mi ti ní kí wẹ́dà fi irin kún ẹ̀rọ yín lókè, sà. Ìlọ́po méjì ni yóò máa gbà. Sátidé tó ń bọ̀ ni wọn yóò bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó."

Gúgúrú tó wà lẹ́nu Ọ̀mọ̀wé dúró síbẹ̀. Ó fa àga, ó kó ìwọ̀n tuntun náà sínú kọ̀ǹpútà, lẹ́yìn náà ló fẹsẹ̀ rìn lọ sí Ọ̀jọ́ọ̀. Sùrájù fi ọ̀wọ̀ gbà á, ó fún un lága, ṣùgbọ́n nígbà tí bàbá ní kó dúró fún ọjọ́ mẹ́fà, kó jẹ́ kí kọ̀ǹpútà parí ìṣírò rẹ̀, ẹ̀rín gbé e.

"Ọ̀mọ̀wé, ẹ má bínú. Ẹ̀yin kan náà lẹ ní kí n yọ fáànù ṣọ́ọ̀bù ìyàwó mi."

Àwọn òṣìṣẹ́ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Ọ̀mọ̀wé pàápàá rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó wá wo òkè bóyá fáànù wà níbẹ̀.

Ọjọ́ mẹ́fà yẹn ni Zùwáírátù mọ̀ pé ẹ̀rù ń ràn bí ìgbóná. Lọ́jọ́ kìíní dé ìkẹta, àwọn àmì náà ń fò dáadáa, ara sì tù ú. Lọ́jọ́ kẹrin, ìsun àárín náà bẹ̀rẹ̀ sí í relẹ̀. Nígbà tí yóò fi di ọjọ́ karùn-ún, ó ń ta pọ́ọ́n pọ́ọ́n bí ẹni tí èémí rẹ̀ fẹ́ tán. Ó sọ fún ọkọ rẹ̀ nílé.

"Àmì ojú gíláàsì ni kó dá iṣẹ́ mi dúró?" ni Sùrájù wí. "Oúnjẹ rẹ ń tutù."

Kò lè jẹ ẹ́. Lọ́jọ́ yẹn náà ni NEPA mú iná lọ, jẹnẹrétọ̀ sì ń wú ikọ́. Ọ̀mọ̀wé, tí kì í sún mọ́ jẹnẹrétọ̀ ní ogún ẹsẹ̀ bàtà, lọ dúró tì í títí ilẹ̀ fi ṣú kó má bàa kú. Zùwáírátù wo bàbá náà, ẹ̀rù sì wá bà á gan-an.

Ní nǹkan bí aago kan Sátidé, àwọn àmì náà dúró. Kò sí èyí tó mira. Ọ̀mọ̀wé fi ìka kan ìdí ìkòkò náà.

"Ó ti dí pa," ló wí. "Ooru kò ní rí ọ̀nà jáde. Ibí yìí ni yóò jókòó sí. Àgbàdo ìsàlẹ̀ á máa jóná, ẹni tó wà lókè kò sì ní rí i." Ó gbójú sókè. "Ta ló wà nídìí ẹ̀rọ lónìí?"

"Sùrájù ni."

Ìgbà yẹn ni bàbá sáré jáde.

Kí wọ́n tó dé ibùdókọ̀ Ọ̀jọ́ọ̀ ni òórùn àgbàdo tó ń jóná ti pàdé wọn lọ́nà. Atẹ́gùn ti ṣí ìborí Zùwáírátù lọ ní Òrógùn, kò tilẹ̀ mọ̀. Nínú ilé iṣẹ́ náà, ẹ̀rọ ń ké bí ẹranko tí nǹkan há lọ́fun. Sùrájù wà lórí àkàbà, ó ń fi irin gígùn kan ro inú ìkòkò, èéfín sì ń yọ sí i lójú.

"Ó kọ̀, kò fò mọ́," ló ń sọ fún àwọn òṣìṣẹ́. "Ẹ fi atẹ́gùn kún un."

"Ẹ má fi kún un," ni Ọ̀mọ̀wé wí. Kò pariwo. "Sùrájù, sọ̀kalẹ̀."

"Díẹ̀ ló kù, sà."

"Bàbá Mutmainah," ni Zùwáírátù pè é. Sùrájù bojú wẹ̀yìn. Ó rí ìyàwó rẹ̀ láàárín àwọn òṣìṣẹ́, láì borí lójú èèyàn, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn láti ọjọ́ tó ti mọ̀ ọ́n. Kò bèèrè nǹkan kan mọ́. Ó sọ̀kalẹ̀.

Ṣùgbọ́n iná kẹrosíìnì tó ń mú atẹ́gùn gbóná ṣì ń jó lábẹ́ ẹ̀rọ náà, ibi tí wọ́n ti ń pa á sì wà nínú kòtò tóóró kan tí èèyàn gbọ́dọ̀ rákò wọ̀. Irin tó wà lókè kòtò náà ti pọ́n. Àwọn òṣìṣẹ́ ń wo ara wọn. Ọ̀mọ̀wé bọ́ jígí ojú rẹ̀, ó fi lé Zùwáírátù lọ́wọ́, ó kúnlẹ̀, ó sì rákò wọlé. Wọ́n ń gbọ́ ohùn rẹ̀ lábẹ́ ibẹ̀. "Ẹ̀rù ń bà mí. Ẹ̀rù ń bà mí." Bí ẹni tó ń ka owó ló ń kà á, kò yára, kò falẹ̀. Iná kú. Atẹ́gùn dákẹ́.

Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ náà burú ju ariwo lọ. Zùwáírátù di jígí mú títí ó fi gún un lọ́wọ́. Lójijì irin dún gbàà, ẹ̀gbẹ́ ìkòkò là, àgbàdo tó ti di ẹyin iná sì ya sílẹ̀ gẹ́lẹ́ síbi tí àkàbà wà. Igi àkàbà gbiná. Àwọn òṣìṣẹ́ ń da yanrìn sí i, Sùrájù ń pe orúkọ Ọ̀mọ̀wé, kò sì sí ìdáhùn.

Nígbà tó pẹ́ díẹ̀, ohùn kan ti òdìkejì kòtò wá. "Ẹ wá fà mí jáde. Ẹsẹ̀ mi ló kọ̀."

Wọ́n fà á jáde, eérú bò ó láti orí délẹ̀. Sùrájù dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú rẹ̀, ẹkún ń gbọ̀n ọ́n.

"Dìde níbẹ̀," ni Ọ̀mọ̀wé wí. "Ilẹ̀ yẹn ṣì gbóná."

Ọlọ́kadà dúró dè wọ́n, kò fẹ́ gbowó. Ọ̀mọ̀wé kọ̀ jálẹ̀, kò gun ọ̀kadà mọ́. Ó wọ sálúbàtà Sùrájù, ó sì fẹsẹ̀ rìn padà sí Bodija, Zùwáírátù ń bá a lọ. Nígbà tí wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ dé, obìnrin náà bi í pé kí ló dé tí kò fi rán ẹlòmíràn wọ kòtò yẹn.

"Ọjọ́ mẹ́fà ni mo fi wò ó lójú kọ̀ǹpútà," ló wí. "Mi ò lè wò ó lẹ́ẹ̀kejì."

Ọdún 1999 ni Ọ̀mọ̀wé sùn tí kò jí, lórí ibùsùn ara rẹ̀, láì sí ohun tó lé e. Níbi ìsìnkú, ẹnì kọ̀ọ̀kan ń sọ èyí tó mọ̀ nípa rẹ̀, ẹ̀rín ń pọ̀ débi pé àlùfáà ń fi ìwé orin bo ẹnu. Ìgbà tí wọ́n gbé pósí dé etí sàréè ni gbogbo rẹ̀ dákẹ́. Àwọn tó fẹ́ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ ti di okùn mú.

Sùrájù jáde láàárín èrò. Ó ní kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n dúró. Ó fa okùn kìíní, ó fa èkejì, ó bẹ̀rẹ̀ ó wo gbogbo ojú kókó, ó tún èyí tó wà lápá òsì ta. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Màmá Àpínkẹ́ mi orí sí i láti orí àga wọn, bí ẹni tó ń sọ pé, o ṣeun, bó ṣe fẹ́ ẹ nìyẹn.

Wọ́n wá sọ bàbá kalẹ̀, jẹ́jẹ́.